Ọkọ Mi Dọ́gbọ́n sí Ìwọ̀n Kòkó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Festac ni mò ń gbé. Ọkọ mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé wa, bàbá mi sì wà lára wọn. Lánàá ló ń fi ẹ̀rín sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti dọ́gbọ́n sí ìwọ̀n òun, kì í ka kòkó pé. Mo ní, "Ti bàbá mi ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ̀n mọ àna ni?" Ó kó mi nírìíra! Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí bàbá mi kó tó gbé ìwọ̀n kalẹ̀! Bàbá mi ò sì wo ìwọ̀n ọ̀hún rí, wọ́n ní èèyàn kì í ṣọ́ ọmọ ẹni. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tú àṣírí ọkọ mi ni, àbí kí n máa wo bàbá mi bí wọ́n ṣe ń súre fún olè?