Àǹtí Tó Ń Bá Mi Tọ́ Kúnbi

Olóòtú ètò, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò. Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ mi ní Kúnbi.

Iléeṣẹ́ tó ń hun aṣọ ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ilé ìtọ́jú ọmọ gbówó lórí débi pé ìdajì owó oṣù mi ni wọ́n ń béèrè. Àǹtí Ìsíátù, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ní kí n gbé Kúnbi wá. Kò bímọ, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ní Sátidé, ẹnì kan ké ní àgbàlá pé, "Ìyá Kúnbi!" Kí n tó lanu, Àǹtí ti dáhùn láti ìdí maṣíìnì. Inú bí mi. Ṣebí èmi ni mo rọbí!

Ojú tì í. Ó ní, "Má bínú, àwọn oníbàárà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀. Ó dùn létí mi ni, n ò lè kọ̀ ọ́."

Ní báyìí, ọkọ mi ti ríṣẹ́ gidi, a fẹ́ kó lọ sí Àjàó Estate. Ó ní agbára wa ti ká ilé ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ṣì máa gbé Kúnbi wá láràárọ̀? Bí mo bá gbé e lọ pátápátá, kí ni wọn yóò máa pe Àǹtí?

Èmi ni,
Ìyá Kúnbi kejì,
Bọ́ládé, Òṣòdì.