Bí Bọ́lárìnwá Bá Gúnlẹ̀ ní Kútọnu

Akébé, Libreville

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀. Keziah ti padà sí yunifásítì, ilé wá pa lọ́lọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí Bọ́lárìnwá ọkọ mi ti wa ọkọ̀ onígbòkun kékeré gba etí òkun lọ sọ́dọ̀ yín, láti fi wá owó fún àwọn ọmọ aláìlóbìí tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń tọ́; àwọn èèyàn ti ṣèlérí owó bó bá gúnlẹ̀. Ó ní, “Màmá Keziah, má pè mí o. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá ṣẹ́rí padà.” Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń pè ni mo ti ń gbọ́ pé ó wà láàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá dé, ẹ fún un lóúnjẹ gbígbóná. Ẹ má sọ pé mo kọ̀wé. Bí kò bá béèrè mi, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Olúwa á dá yín sí fún wa.

Àbúrò yín,
Mojírayọ̀