Mọ́tò Rẹ Tí Kò Ní Àga Ẹ̀yìn

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìnáwó mọ́tò. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara mọ́tò náà ti yá? Má bínú pé mo tètè béèrè rẹ̀, ìgbà mẹ́ta lo pè wá lórí fóònù lóṣù tó kọjá, ara mọ́tò lo sì sọ fún wa ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò mọ bí tìrẹ ṣe rí. Ọlọ́run tó dá ọ ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tó lé ẹni tó kọ́kọ́ ni mọ́tò náà kúrò nínú rẹ̀ kò ní lé ìwọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, táyà rẹ kò ní bẹ́. Àmín.

Ní tiwa, a wà, a dúpẹ́. Èmi ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n ayùn mi ṣì ń jẹ igi. Oníbúrẹ́dì tí a jọ pín ògiri kí ọ, ó ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun rẹ̀ tó bàjẹ́, mo sì rò pé kò tíì gbàgbé, ìwà rere ló ń hù. Ìyá rẹ náà kí ọ. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ṣú pátápátá, ti òsì ló fi ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ó sì ti ń fi ọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì.

Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí o wá, torí kò sí ẹni tó rí àyè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. O mọ̀ pé aago mẹ́jọ ni wọ́n ní kí a dé ọsibítù. Dókítà ti ní nǹkan funfun tó bo ẹyin ojú ìyá rẹ ṣeé mú kúrò, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó pẹ́, torí bó bá gan ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n tún ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a wá, tó máa fọwọ́ sí ìwé, tó sì máa fà á lọ́wọ́ padà sílé. Ìwọ fúnra rẹ lo ní kí a má ṣèyọnu, kí èmi àti ìyá rẹ múra, pé o máa fi mọ́tò rẹ gbé wa. Láti aago márùn-ún la ti wẹ̀ tí a jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lórí itan.

Mọ́tò náà dé, a ò gbọ́ ìró kankan. Mo rò pé ó ti kú lójú ọ̀nà ni, pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń gbé e bọ̀, ni mo bá sáré bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo ń tì í. Oníbúrẹ́dì rí mi, òun náà sáré wá, alágbàfọ̀ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ ó sáré wá, gbogbo wa ń tì í, ìwọ sì ń ju ọwọ́ sí wa láti inú, a rò pé o ń dúpẹ́ ni, a bá tún fi kún un. Àfi ìgbà tí o bọ́ sílẹ̀ tí o ní mọ́tò náà ń ṣiṣẹ́ o, pé iná ló ń fi rìn, kò lè pariwo. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù rẹ lo fi nu gbogbo ibi tí ọwọ́ wa kàn. O nu ún tán kí o tó kí ìyá rẹ. Mi ò fi ṣe nǹkan kan, mo mọ̀ pé mọ́tò àlòkù ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ tún yà mí lẹ́nu. Ogójì ọdún ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn, síta tàbí sínú ni wọ́n ń ṣí, tìrẹ ń lọ sókè. Ilé adìẹ nìkan ni mo ti máa ń kan ilẹ̀kùn tó ń lọ sókè. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó, àwọn kan ní kí o ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i, o sì ṣí i fún wọn, o tì í, o tún ṣí i, aago mẹ́jọ sì ń bọ̀.

Ìgbà tí mo ní kí n wọlé ni mo rí ohun tí wọ́n ṣe fún ọ. Mo wo ẹ̀yìn, kò sí àga. Àga méjì péré ló wà níwájú, lẹ́yìn ìyẹn, ògiri. Mo fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú má bàa tì ọ́ láàárín èrò, mo ní ọmọ mi, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ, ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti tú àga ẹ̀yìn rẹ̀ tà kó tó tà á fún ọ. O rẹ́rìn-ín. O ní bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, pé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ní ju àga méjì lọ. Mo ní kí a gbé báàgì ìyá rẹ sẹ́yìn nígbà náà, o ṣí ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀. O ṣí iwájú tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà, ihò kékeré kan ló wà níbẹ̀, báàgì wọ̀ ọ́ dé ìdajì. Mi ò bá ọ jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n tú kúrò lára nǹkan nígbà tí mo bá rí i.

A gbé ìyá rẹ sínú rẹ̀. Èmi di apá ọ̀tún mú, oníbúrẹ́dì di apá òsì, ìyá rẹ ń fi ìdí wá àga náà, kò kàn án, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ìgbà tó jókòó tán ló bi mí bóyá òun ti ṣubú. Mo ní rárá, àga nìyẹn. Ó ní kí n wò ó dáadáa. O ní kí n dúró sílé, pé o máa gbé ìyá rẹ dé ọsibítù kí o tó padà wá gbé mi, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi bóyá ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà la ṣì máa dé.

Àfi bí iná pupa ṣe tàn níwájú rẹ. O ní iná inú mọ́tò ti lọ sílẹ̀. Mo ní ṣebí o ní ó ń lo epo, ó tún ń lo iná. O ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó lo epo. O ní epo wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò gbà fún un. Ọmọ mi, ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó méjì tó ń fi ebi sùn lèyí. O fa wáyà gba ojú fèrèsé wa, o kì í bọ iná pálọ̀, iná gbogbo àdúgbò sì lọ. Ẹ̀rọ tí oníbúrẹ́dì fi ń po ìyẹ̀fun dúró sójú kan, odidi àpò ìyẹ̀fun kan sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tí oníṣẹ́ iná tún un ṣe, o tún ki wáyà náà bọ̀ ọ́, mọ́tò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí mu iná wa.

A ti gbé ìyá rẹ padà sínú pálọ̀ nígbà náà. Wáyà náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó fọwọ́ kàn án, ó bi mí pé kí ni. Mo ní wọ́n ń fa omi sí mọ́tò lára, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ọsibítù. Ó ní kí ló ń ṣe é. Mo ní wọn ò tíì mọ̀. Ó bá na ọwọ́ sójú fèrèsé, ó gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run oníwòsàn kó dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó má jẹ́ kí ọmọ òun pàdánù rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń retí ní yàrá iṣẹ́ abẹ ló ń gbàdúrà fún mọ́tò.

Aago méjìlá lu, iná pupa kò kú. Mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta wò ó láti òkèèrè, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà. O pe ọkùnrin kan lórí fóònù, o ní òun nìkan ló mọ ìwà mọ́tò náà, pé kọ̀ǹpútà ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà rán ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò wá. Ìyẹn ní àga mẹ́ta níwájú, mo kà á. Mo rò pé o máa ní kí dírẹ́bà já èmi àti ìyá rẹ sí ọsibítù. O gun ọkọ̀ náà, o bá mọ́tò rẹ lọ, o ní kò yẹ kí o fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ìyá rẹ ṣì jókòó pẹ̀lú báàgì lórí itan. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún ọ.

O ti sọ fún mi pé àwọn tó ní irú rẹ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ sínú ilé ni, ìwọ nìkan lo ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo gbà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn nìkan ni kò sí nínú ojoojúmọ́. O tún ní ibi yòówù kí mọ́tò náà wà, fóònù rẹ máa fi hàn ọ́. Jọ̀wọ́, bóyá fóònù náà lè rí ilé wa, máa fi wò wá nígbà míràn. Bá mi kí bánkì pẹ̀lú. O ní òun ló ra mọ́tò náà tí o ń san án padà fún un díẹ̀díẹ̀, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òun ló ni mọ́tò, ó yẹ kó máa bá ọ dá sí àtúnṣe rẹ̀. Àṣejù baba àṣetẹ́, má jẹ́ kí wọ́n fi ojú rere kó ọ sí gbèsè.

Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan lọ sí ọsibítù lọ bẹ̀bẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bá mi wí, ó ní ọ̀pọ̀ ló ń wá àyè tí a fi ṣòfò. Ó fún mi ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, ó sì ní dókítà ní bí èyí bá tún kọjá, kí a má padà wá. Ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ta ló sún mọ́ aláìsàn jù lọ, mo kọ oníbúrẹ́dì, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Nọ́ọ̀sì ní ṣé kò bímọ ni. Mo ní ó bímọ, àkọ́bí rẹ̀ ní mọ́tò pàápàá, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè ẹni tó ní mọ́tò. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Má rò pé mo kórìíra mọ́tò rẹ. Mo ti kan àga ẹ̀yìn fún un. Ìgbà tí o ń pe fóònù lọ́jọ́ náà ni mo fi okùn wọn ibẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì ló máa jókòó sí, pákó tó nípọn dáadáa ni mo lò kí ooru má bàa jó ìdí èèyàn. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí iye kankan lórí rẹ̀, ọmọ mi ni ọ́.

Oníbúrẹ́dì ti gbà láti gbé wa lọ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Bọ́ọ̀sì tó fi ń kó búrẹ́dì ti gbó, wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀, ariwo rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ ìlagi lọ, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin lè jókòó sínú rẹ̀ láì wá àga. Táyà rẹ̀ ló ti jẹ tán, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní òun ò ní gbé aláìsàn sórí irú táyà bẹ́ẹ̀. Torí náà ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí. O sọ iye tí o ra táyà mọ́tò rẹ fún mi, mo sì lọ béèrè. Owó táyà rẹ kan máa ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀, yóò sì ṣẹ́ kù èyí tí a máa fi ra oògùn. Bá mi fi owó táyà kan ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí kò bá sí, tu ọ̀kan lára tìrẹ kí o tà á, ẹni tó ni ín ṣáájú kò ṣe kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ. O ò ní ṣe lásán. Ohun tí o bá fi owó rẹ rà kò ní di ọ̀gá rẹ. Àwọn ọmọ tí o máa bí yóò pọ̀ ju àga méjì lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nọ́ọ̀sì ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa tú ohun tí wọ́n fi di ojú ìyá rẹ, kí a mú ẹni tí ìyá rẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ rí wá síwájú rẹ̀. Mo bi ìyá rẹ léèrè, ó ní ìwọ. Mo ní èmi ńkọ́, ó ní òun ti mọ bí mo ṣe rí, ṣùgbọ́n ó di ọdún mẹ́ta tí òun ti rí ojú rẹ gbẹ̀yìn. Ó wá bi mí bóyá o ti dá irùngbọ̀n sí. Ọjọ́ tí o wá yẹn, mọ́tò ni gbogbo wa ń wò.

Èmi ni bàbá rẹ,
káfíńtà.