Ọ̀rọ̀ Ẹnu Yín Tí Wọ́n Yí Padà

Stockbridge, Georgia

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara àwa náà le níbí. Àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, èmi náà ò sì sinmi ní ọsibítù tí mo ti ń tọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wúwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Ẹ rántí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ aláàánú tó wá ya fídíò yín lábúlé, àwọn tí Adégbénró àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́. Ní Sátidé, wọ́n se àsè ní Atlanta láti fi wá olùrànlọ́wọ́, mo sì lọ. Wọ́n fi fídíò yín hàn lára ògiri. Mo gbọ́ ohùn yín ketekete bẹ́ ẹ ṣe ń sọ bí ìyàwó Bámgbóyè ṣe kú tòun toyún sí etí odò, torí odò kún, kò sì sọ́nà dé ọsibítù. Ẹ ní, "A ní kànga. Afárá la fẹ́."

Màmá, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sábẹ́ ojú yín ni pé òùngbẹ ló ń pa wá, kí wọ́n ṣàánú wa, kí wọ́n gbẹ́ kànga. Àwọn èèyàn ń nu omijé nù. Adégbénró ló ṣe ògbufọ̀ náà.

Òun náà wà níbi àsè náà, mo sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹgbẹ́ yìí kì í kọ́ afárá, kànga ni wọ́n ń gbẹ́. Tí mo bá túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe rí, wọn ò ní débẹ̀ mọ́. Ṣé kànga kejì burú ni?" Ọmọ tẹ́ ẹ máa ń pọ̀n kọjá odò yẹn lọ gba abẹ́rẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí.

Mo lọ bá Joanna, olórí wọn. Ó dì mọ́ mi, ó ní omi tó mọ́ ni ìpìlẹ̀ ìdàgbàsókè, pé ẹ̀yin ará ilé á mọyì ẹ̀ bó bá yá. Ni mo bá gba makirofóònù, mo tún ọ̀rọ̀ yín sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì ń bá ètò kànga wọn lọ.

Àlejò lè ṣì wá gbọ́. Adégbénró gbọ́ yín yékéyéké, ó sì tà wá.

Wọ́n ń bọ̀ wá ṣí kànga náà ní oṣù Kejìlá. Orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ kọ sára ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lọ, bẹ́ ẹ bá kọ̀, mo wà lẹ́yìn yín.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ojú ò ní tì yín láàárín ẹgbẹ́ yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni àkọ́bí yín,
Ṣìkẹ́mi

Àfikún ọ̀rọ̀: Adégbénró bẹ̀ mí pé kí n má kọ lẹ́tà yìí. Ó máa pè yín. Ẹ gbé e, ọmọ yín ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dárí jì í, ẹ gbé fóònù náà fún Bámgbóyè.