Àwòrán Tí Orí Mi Ò Sí Níbẹ̀

Ìyá Ìdùnnú,

Bí o bá ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé tí o kò bá mi nílé, má fòyà. Mo wà lọ́dọ̀ Ìdùnnú ọmọ wa l'Óṣogbo, ara mi sì le koko.

Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn mí díẹ̀. Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán egungun rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Alékúwódò. Àgbàlagbà kì í ya fọ́tò láìdé fìlà, ni mo bá yá agbádá àti fìlà ọkọ Ìdùnnú wọ̀. Ọmọbìnrin ìdí ẹ̀rọ ní kí n bọ́ ṣòkòtò! Mo ṣáà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí àwòrán jáde, orí mi ò sí níbẹ̀.

Dókítà ní kò sí egungun tó sọnù. Kódà, ọ̀kan ti di méjì. Wọ́n wá fi P.O.P., ẹfun tó ń le bí òkúta, wé ẹsẹ̀ náà, ó tutù dáadáa.

Igi obì tí o ní n kò gbọdọ̀ gùn mọ́ ńkọ́? N kò débẹ̀ rárá. Balùwẹ̀ ni mo ti yọ̀.

Bá mi kí Awóníyì àbúrò mi àti gbogbo ará ilé. Bí o bá dé oko, tí o rí bàtà mi kan lókè igi obì, atẹ́gùn ló gbé e lọ síbẹ̀.

Èmi ni,
ọkọ rẹ tó máa ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.