"Má" Kan Nínú Àròkọ Ìrẹ̀mídé

                                        Ojúlé Keje, Òpópónà Ìrètí,
                                        Agbowó, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tẹjúmọ́lá,

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ikọ́ tí kò fẹ́ẹ́ lọ, àti ọ̀rọ̀ bíńtín kan tó ń jẹ́ "má", àwọn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó dé orí ẹ̀, ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìṣẹ́yìn? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn?

Ìrẹ̀mídé, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló fẹ́ẹ́ pa mí. Tíṣà wọn ní kí wọ́n kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n lé kẹ̀kẹ́ kúrò ní títì Mọ́kọ́lá. Ọmọ náà ní kò yẹ. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá Hamidah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń wà jẹun, ó sì kọ ọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ wo bó ṣe parí rẹ̀: "Kò yẹ kí wọ́n má lé kẹ̀kẹ́ kúrò." "Má" yẹn ti dojú gbogbo rẹ̀ délẹ̀!

Mo ní kó tún un kà. Ó ní, "Bàbá àgbà, mo ti kà á. 'Má' yẹn ló jẹ́ kó le dáadáa." Mo ní kó kà á sókè, ó sáré kà á bí ẹni tí ajá ń lé. N kò sì lè fi bírò tún un ṣe. Tíṣà wọn ti kìlọ̀ pé òun kò ní gba àròkọ tí àgbàlagbà bá fọwọ́ kàn. Kí kálukú ṣàtúnṣe tirẹ̀.

Lánàá, ó kà á fún Hamidah. Ọmọ yẹn fò dìde.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n lé bàbá mi kúrò ní títì?"

"Èmi kọ́! N kò sọ bẹ́ẹ̀!"

"O sáà kọ ọ́! Òǹkọ̀wé ńlá, ó dàbọ̀."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

O rò pé "má" ni Ìrẹ̀mídé wá yọ? Rárá o! Èrò rẹ̀ ló yọ. Ó fa ìwé náà ya, ó kọ òmíràn: kẹ̀kẹ́ dára, kẹ̀kẹ́ kò dára, kí Ọlọ́run ṣàánú Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá lọ báyìí, kò ní dá èrò tirẹ̀ sọ níbikíbi mọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò kà á níwájú kíláàsì, Hamidah yóò sì wà níbẹ̀.

Ìwọ lo máa ń ní kí àwọn ọmọ fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan, kí wọ́n bi ara wọn pé, "Kí ni mo ní kí wọ́n ṣe gan-an?" Mo dán an wò, ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Bóyá yóò gbọ́ tìrẹ. Mo ti ṣa èyí tó fà ya jọ nínú garawa ìdọ̀tí, mo fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Jọ̀wọ́, dúró nílé dè wá. Bí ìfúnpá mi kò bá ga, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, ni èmi àti ọmọ náà yóò gbéra.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀,
Luke