Mo Nawọ́ Ní Kíláàsì Rẹ, O Ò Rí Mi

Tíṣà mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì àti búrẹ́dì náà lo ṣì fi ń tan ikùn jẹ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há, torí ohùn ni oko tíṣà. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní orúnkún òun ti fúyẹ́. Adìẹ dúdú yẹn yé ẹyin méje sínú bàtà mi, mi ò sì lè wọ bàtà ọ̀hún títí tí yóò fi pa ọmọ.

O ní kí n bá ọ dá sí i, bóyá kí o padà sí ilé-ìwé tó ń pè ọ́, níbi tí bẹ́ńṣì àti pátákó wà, tàbí kí o dúró sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà orí fóònù yìí, torí òpin oṣù lo máa fún wọn lésì. O ní kí n kọ́kọ́ wo bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ lórí fóònù ná. O ṣeun tí o ka bàbá rẹ sí èèyàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu aago ilé-ìwé, ẹnu mi gbà á.

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta ló bá mi ṣètò ẹ̀. Ó ní fóònù ń sọ pé kò sáyè mọ́, kí n kó nǹkan kúrò. Mo sáré délé, mo gbé àga méjì àti àpótí ìyá rẹ síta, mo tún gbálẹ̀. Síbẹ̀, kò sáyè. Ìyá rẹ ní ṣé kí òun náà jáde ni. Ìgbà tí ọkùnrin náà wá fúnra ẹ̀, tó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ló tó gbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ aṣọ òde mi, mo ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọmọbìnrin káfíńtà ilé kejì, tó já bọ́ lórí igi lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e dé ilé-ìwé mọ́, fi ọ̀pá tẹ̀lé mi wọlé. Bí mo ṣe rí ọ lójú fóònù, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ dà? Àpótí dúdú kéékèèké tí orúkọ wà lára wọn lásán ni mo rí. Mo ní ó mà ṣe o, iná ti lọ nílé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà!

O wá béèrè ìṣirò ilẹ̀ tí wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta tí kò dọ́gba. Mo nawọ́. Ọ̀tún rẹ̀ mí, mo na òsì, mo dìde dúró, o ò pè mí. Ọmọ bíbí inú mi! Inú bí mi, ká má parọ́. Bí èmi tí mo bí ọ bá nawọ́ títí tí èjìká fi ń ro mí, tí o ò rí mi, ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Nígbà tí àkókò pé, tí o ò dákẹ́, mo gbé aago mi àtijọ́, mo lù ú kíkankíkan. O ta gìrì, àwọn àpótí dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ṣì mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo kọ lẹ́tà sí ọ pé kí o fi fóònù sílẹ̀ kíá. Ibi tí mo ti ń wá àpò tí màá fi í sí, mo rí ìwé pélébé kan níbi tí ọmọ káfíńtà jókòó sí. Ìṣirò ilẹ̀ yẹn ni. Ó ti ṣe é, ìdáhùn ẹ̀ sì bá tìrẹ mu rẹ́gí. Èmi tí mò ń nawọ́ bí olóyè, tèmi ò tọ̀nà rárá!

Mo bi í pé kí ló dé tí kò nawọ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun wà nínú kíláàsì, òun rò pé ìran lòun wá wò.

Mo fa lẹ́tà àkọ́kọ́ ya. Òótọ́ ni pé bẹ́ńṣì dára, ojú ń rójú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má tíì fi fóònù yìí sílẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Fi owó dátà ránṣẹ́, kí o fi owó fóònù kékeré kan fún ọmọ káfíńtà lé e, àti ti bàtà mi bó bá ṣẹ́ kù. Ọlọ́run á fi ọmọ tó gbọ́n jù ọ́ lọ san án fún ọ. Kọ orúkọ ọmọ káfíńtà náà sínú ìwé orúkọ rẹ, kí o sì pè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, torí ó ti gbé aṣọ ilé-ìwé ẹ̀ jáde, ìyá ẹ̀ sì ń tú etí aṣọ náà sílẹ̀ kó lè gùn dé orúnkún.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.